Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí láptọ́ọ̀pù bá kọ̀ tí kò tàn

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣí ní oríta Ọ̀rẹ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ tú. Yóò bèèrè bóyá epo wà nínú táǹkì. Yóò yẹ bátìrì wò, yóò fọwọ́ kan wáyà orí rẹ̀ bóyá ó ti tú, yóò ní kí awakọ̀ tún un ṣí, yóò sì tẹ́tí sí irú ìró tó ń jáde. Gbogbo awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin ló mọ ìlànà yìí. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbèéká, ló kọ̀ tí kò tàn, ọ̀pọ̀ èèyàn a máa gbàgbé ọgbọ́n náà. Ńṣe ni wọ́n á gbé e lọ bá ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí, tí wọ́n á sì ní kí ó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun fàájì àwọn olówó nìkan mọ́ ní Ọ̀rẹ̀ àti àwọn abúlé tó yí i ká. Owó kòkó, owó epo pupa, owó pákó àti èrè ọjà ni àwọn òbí fi ń rà á fún ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, yálà ní Òkìtìpupa, ní Oǹdó, ní Àkúrẹ́ tàbí níbòmíràn. Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti fi ìdánwò orí ìwé sílẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àṣewọlé UTME, àwọn òbí tí kò fẹ́ kí ọjọ́ ìdánwò jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ wọn máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà ti ń wá ọ̀kan sílé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń fi kọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá. Ẹni tó ń ra kòkó ń fi kọ ìwọ̀n àpò. Ayàwòrán ń kó àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú sí i.

Owó tí wọ́n fi ra láptọ́ọ̀pù ṣeé tún wá, bó tilẹ̀ nira. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ fún oṣù mẹ́fà, ìṣirò owó ẹgbẹ́ ti ọdún mẹ́ta, tàbí àwòrán ìyá tó ti kú, kò sí iye tí èèyàn lè san láti rí i padà bí ó bá ti parẹ́ tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ pé ohun méjì ló wà lọ́wọ́ òun: ẹ̀rọ, àti ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́ kí ohun inú rẹ̀ wà ní pípé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní fọ́máàtì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà ní ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, ìyẹn hard disk, kí wọ́n sì fi Windows tuntun sí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oògùn kan ṣoṣo tí wọ́n ní fún gbogbo àìsàn kọ̀ǹpútà nìyẹn. Lóòótọ́, ìgbà mìíràn wà tí láptọ́ọ̀pù á tàn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òfìfo ni yóò tàn. Yorùbá sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni láptọ́ọ̀pù ń gbé kó tó ṣí

Ẹni tó bá mọ bí láptọ́ọ̀pù ṣe ń jí kò ní tètè kó sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí iná dé inú rẹ̀, láti ara ṣájà tàbí láti ara bátìrì. Ìkejì ni kí ó yẹ ara rẹ̀ wò: bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan án, pátákó ńlá tó wà nínú rẹ̀ á wo gbogbo ẹ̀yà ara yòókù, pàápàá RAM tó jẹ́ ibi tí ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ sí fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí èyí bá dára, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é á yọ lójú rẹ̀. Ìkẹta ni kí ó wá Windows kàn nínú hard disk, kí ó sì gbé e jáde.

Nítorí náà, ibi tí láptọ́ọ̀pù bá dúró sí ló ń sọ ibi tó ti ń ṣàìsàn. Èyí tí kò mú iná wá rárá, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀ràn rẹ̀ wà. Èyí tí iná rẹ̀ tàn tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìkejì. Èyí tó fi orúkọ ilé iṣẹ́ hàn, tó wá dúró síbẹ̀ tàbí tó ń kọ ọ̀rọ̀ funfun sójú aró, ìkẹta ni kí wọ́n lọ wò. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìkẹta nìkan ni fọ́máàtì tiẹ̀ lè kàn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù tí kò mú iná wá rárá, ó yẹ kí onílé gba ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní wéré.

Iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí

Ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Benin, ṣùgbọ́n pé wọ́n ń ṣe iná nítòsí kò sọ pé iná á tàn nílé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, tí ti Ẹdó, Delta, Èkìtì àti Oǹdó sì bọ́ sọ́wọ́ BEDC. Lẹ́yìn ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ké gbàjarè lórí òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré àti sólà ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, tó ń kéré lónìí tó ń pọ̀ jù lọ́la, ara ṣájà ló kọ́kọ́ máa ń bà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí onílé ṣe kò gba owó. Kí ó yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò ní sókẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi ti fóònù síbẹ̀. Bí fóònù kò bá gba iná, sókẹ́ẹ̀tì ló ní ẹjọ́, láptọ́ọ̀pù kò mọ nǹkan kan. Bí fóònù bá gba iná, kí ó dá ti láptọ́ọ̀pù padà, kí ó wo iná kékeré tó máa ń wà lára ọ̀pọ̀ ṣájà. Bí iná náà kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ wáyà tó ti inú sókẹ́ẹ̀tì wá ló já nínú. Wáyà yìí ṣeé yọ, ó sì ṣeé fi òmíràn dán wò. Ṣùgbọ́n bí iná ara ṣájà bá ń tàn nígbà tó dá wà, tó wá ń kú ní kété tí wọ́n bá ti ki ẹnu rẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù, yálà ṣájà náà ti rẹ̀ ni, tàbí iná ń fara kan ara wọn nínú láptọ́ọ̀pù. Kí wọ́n má ṣe máa kì í bọ̀ ọ́ léraléra mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ṣájà tí ẹnu rẹ̀ bá wọlé ló bá láptọ́ọ̀pù mu. Ẹ̀yìn ṣájà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀pọ̀ wọn ló lè gba iná tó bẹ̀rẹ̀ láti 100 dé 240 fóòtì, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tú jáde ló ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá kọ 19.5V àti 3.33A sí ti àkọ́kọ́, fóòtì èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 19.5 bákan náà, A rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí 3.33. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan tún wà tí wọ́n máa ń dá ṣájà wọn mọ̀. Bí wọ́n bá rí àjèjì, wọ́n lè tàn ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ̀ láti fi iná sí bátìrì. Èyí tó ń lo ẹnu ṣájà bíi ti fóònù, ṣájà fóònù lásán kì í sábà lágbára tó láti jí i.

Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti pa mọ́ sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ oṣù, bátìrì rẹ̀ á ti gbẹ pátápátá. Irú rẹ̀ lè má dáhùn ní kíá tí wọ́n bá fi ṣájà sí i. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Ìkánjú kọ́ ni wọ́n fi ń lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Bí kò bá tíì tàn, ọ̀nà kan wà tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbà. Wọ́n á yọ ṣájà. Wọ́n á yọ bátìrì bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé yọ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n á wá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí iná tó há sínú pátákó lè tán. Lẹ́yìn èyí, ṣájà nìkan ni wọ́n á fi sí i, wọ́n á sì tún gbìyànjú. Ọ̀nà yìí kì í pa ohunkóhun rẹ́ nínú hard disk, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n sì ti pè ní òkú ló ti jí nípasẹ̀ rẹ̀.

Bí iná bá wà, tí ojú rẹ̀ dúdú

Nígbà mìíràn, láptọ́ọ̀pù ti ṣí, àmọ́ ojú rẹ̀ ni kò tàn. Kí wọ́n gbọ́ bóyá fáànù ń fẹ́. Kí wọ́n tẹ Caps Lock lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì lẹ́tà A, bí ó bá ní iná kékeré lára, kí wọ́n wò ó bóyá iná náà ń tàn tó sì ń kú. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ti jí. Kí wọ́n wá tan tọ́ọ̀ṣì sójú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá rí àwòrán fìrífìrí, iná ẹ̀yìn gíláàsì ló kú. Ilé tí wáyà HDMI bá wà tún lè so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, a jẹ́ pé ohun gbogbo tó wà nínú láptọ́ọ̀pù wà láàyè, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa tún ṣe, wọ́n sì lè da iṣẹ́ inú rẹ̀ kọ sí fíláàṣì lójú ẹsẹ̀.

Bí tẹlifíṣọ̀n náà kò bá fi nǹkan kan hàn, kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn: fíláàṣì, wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, káàdì kámẹ́rà. Kí wọ́n tún un tàn. Bí ó bá ń ké bíi fèrè, kí wọ́n ka iye ìgbà tó ké, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí iye igbe náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìró báyìí máa ń tọ́ka sí RAM tí kò jókòó dáadáa tàbí tí ẹnu rẹ̀ ti dọ̀tí. Agbègbè Ọ̀rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ igbó tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀, ọ̀rinrin á sì máa bu irin jẹ. Nígbà ọyẹ́, eruku á gba ipò ọ̀rinrin. Èèrà àti aáyán náà kì í jìnnà sí ibi tó bá móoru. Ẹni tó mọṣẹ́ á yọ RAM náà, á fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pa ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù rẹ́ nu ẹnu rẹ̀, á sì dá a padà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì kan ohun tí wọ́n kó pamọ́.

Bí ó bá dé orúkọ ilé iṣẹ́ tó sì dúró

Bí láptọ́ọ̀pù bá kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun kò rí ibi tí Windows wà, fíláàṣì tí wọ́n gbàgbé sí ara rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, nítorí ó lè jẹ́ inú fíláàṣì náà ló ń wá Windows lọ. Kí wọ́n wo ọjọ́ àti ọdún tó fi hàn pẹ̀lú. Bí ó bá ti padà sí ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, bátìrì kékeré bíi kọ́ìnì, oní fóòtì 3, tó máa ń rán an létí àkókò àti ètò rẹ̀ ló ti kú. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó wọ́n.

Ìró kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré. Bí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ bá ń dún kà, kà, kà láti inú, pàápàá lẹ́yìn tó ti jábọ́, abẹ́rẹ́ inú hard disk rẹ̀ lè ti máa ha ojú àwo tó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́. Kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún tàn án ló ń dín ohun tí wọ́n lè rí kó jáde kù. Àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun tó ń lo SSD kò ní àwo tó ń yí, nítorí náà wọn kì í dún kí wọ́n tó kú.

Bí ó bá jẹ́ pé Windows ló bẹ̀rẹ̀ tí kò lè parí, ó ní ìtọ́jú tirẹ̀ nínú. Bí ó bá ti kùnà ní bí ìgbà méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ léra, ó sábà máa ń gbé ojú ewé àtúnṣe jáde fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lè yan Startup Repair kí ó gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe, tàbí Safe Mode, níbi tó ti máa ṣí pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó pọn dandan nìkan, tí èèyàn á sì lè kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Kí wọ́n ṣọ́ra pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń pè ní Reset. Ọ̀nà méjì ló ní. Keep my files á fi ìwé àti àwòrán sílẹ̀, á sì yọ àwọn ètò tí wọ́n fi kún un. Remove everything á gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju bọ́tìnnì kan lọ.

Ẹ̀rí wà pé kọ̀ǹpútà tó kọ̀ kì í ṣe òkú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, àwọn kọ̀ǹpútà Windows káàkiri ayé kọ̀ láti ṣí, ojú wọn di aró. Ilé iṣẹ́ Microsoft sọ pé iye wọn tó mílíọ̀nù 8.5. Ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, àwọn báńkì àti ilé ìwòsàn kan kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kankan jóná. Fáìlì kan tó ní àṣìṣe, tí ilé iṣẹ́ aláàbò kọ̀ǹpútà CrowdStrike fi ránṣẹ́, ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ni pé wọ́n wọ Safe Mode, wọ́n yọ fáìlì náà, wọ́n sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Bí wọ́n bá ti fi fọ́máàtì ṣe oògùn lọ́jọ́ náà, àdánù rẹ̀ kò bá ní òǹkà.

Ẹ̀kọ́ mìíràn jáde lọ́jọ́ náà. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ní títì tí wọ́n ń pè ní BitLocker, tó ń béèrè nọ́ńbà 48 kí ó tó gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé. Àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun tó wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ní i, ìgbà mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí láptọ́ọ̀pù ni nọ́ńbà náà sábà máa ń wà. Kí wọ́n wá a rí, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé, kí wọ́n sì fi ìwé náà pa mọ́ síbi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Àwọn kan tún ń sọ fún oníbàárà pé Windows 10 ti kú, òun ni kò jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù tàn. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró, ewu ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì sì lè pọ̀ sí i fún ẹni tó bá ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í pa iná kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù tó bá kọ̀ ní ohun mìíràn tó ń ṣe é.

Ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe

Bí omi, tíì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò bá dà sí láptọ́ọ̀pù, kí wọ́n yọ iná, kí wọ́n pa á, kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ bí àgọ́ kí omi lè jò jáde, kí wọ́n má sì tàn án wò rárá. Sísá a sóòrùn tàbí bíbò ó mọ́ inú ìrẹsì kì í kó ìyọ̀ àti ṣúgà kúrò lára pátákó. Ohun tí yóò dára ni kí ẹni tó mọṣẹ́ tú u, kí ó sì fọ̀ ọ́ kí ó tó dípẹtà.

Bí ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù bá wú, tí kò jókòó dọ́gba lórí tábìlì mọ́, bátìrì ló ń wú nínú. Kò gbọdọ̀ rí iná mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gún un tàbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí ó lè gbiná. Ọ̀rọ̀ bátìrì kì í ṣe ohun àwàdà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Dell kó bátìrì láptọ́ọ̀pù tó tó mílíọ̀nù 4.1, tí Sony ṣe, padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nítorí ìbẹ̀rù iná.

Lọ́dọ̀ ẹnjinníà

Bí gbogbo èyí kò bá jí i, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹnjinníà ló kù. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọṣẹ́, tí wọ́n sì jẹ́ olóòótọ́. Síbẹ̀, oníbàárà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí láptọ́ọ̀pù tó kọ̀: ṣé iná lọ lójijì, ṣé ó jábọ́, ṣé àrá sán, ṣé ọmọ da nǹkan sí i? Ẹni tó lọ bá dókítà tó sì fi ìdajì àìsàn pa mọ́ kò lè rí oògùn tó péye.

Kí ó tó fi í sílẹ̀, kí ó sọ ọ́ gbangba pé òun kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fọ́máàtì rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ pe òun. Kí wọ́n kọ èyí sínú ìwé rìsíìtì, pẹ̀lú iye owó, orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀yà ara kan, kí ó gba ti àtijọ́ padà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ẹnjinníà bá sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn ju fọ́máàtì lọ, kí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ hard disk náà, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n sì da ohun inú rẹ̀ kọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ṣeé ṣe, bí hard disk fúnra rẹ̀ bá ṣì wà láàyè tí nọ́ńbà títì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ṣi fọ́máàtì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ohun tuntun sí i mọ́. Ti hard disk àtijọ́, ìrètí lè ṣì wà díẹ̀. Ti SSD, ohun tó bá ti lọ sábà máa ń lọ pátápátá ni.

Òfin náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, sọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń rà á mọ̀ pé àlòkù ni. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta bátìrì tàbí hard disk tòkunbọ̀ ní orúkọ tuntun. Bákan náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn tó bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwòrán ìdílé àti ìwé owó ẹgbẹ́ tó wà nínú láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń tún un ṣe lè máa yẹ̀ wò fún fàájì tàbí kí ó pín in kiri.

Kí láptọ́ọ̀pù tó kọ̀

Àtúnṣe tó rọrùn jù ni èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí nǹkan kò tíì bàjẹ́. Kí wọ́n máa yọ ṣájà ní sókẹ́ẹ̀tì bí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, àti ní kété tí iná bá lọ, nítorí ìgbà tí iná bá padà dé ló máa ń dé pẹ̀lú agbára òjijì. Bí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n jẹ́ kí ó dúró dáadáa kí wọ́n tó so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, kí wọ́n sì yọ ọ́ kí wọ́n tó pa jẹnẹrétọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ó mí.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ẹ̀dà. Ibi mẹ́ta ni ó yẹ kí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì wà: ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan nínú fíláàṣì tàbí hard disk mìíràn tí kì í gbé inú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí dátà kò bá fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lè tẹ ìṣirò owó jáde sórí ìwé ní ìparí oṣù, kí ó sì fún akápò ní ẹ̀dà kan. Kò gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kò sì gba owó rẹpẹtẹ.

Òbí tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà náà lè ṣe ipa tirẹ̀. Bí ọmọ bá ti yunifásítì dé fún ìsinmi, kí bàbá tàbí ìyá bi í ní ìbéèrè kan péré: “Iṣẹ́ rẹ tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, ibo ni ẹ̀dà rẹ̀ wà?” Bí ọmọ náà kò bá rí ìdáhùn, kí ó má sùn lálẹ́ ọjọ́ náà kí ó tó da á kọ sí ibòmíràn.